Ohun Tó Ń Yọ́ Rìn

Yìnyín máa ń rìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á ṣe ẹlòmíì bákan, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé áìsì bìlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń fi àpò bò lọ́jà Ìkọ̀tún nìkan ni yìnyín tó mọ̀, èyí tí kì í lọ síbì kankan àfi kó di omi sínú bàsíà. Ṣùgbọ́n ní Greenland, ní Antarctica, àti lórí àwọn òkè gíga kọ̀ọ̀kan láyé, òjò dídì ń rọ̀ léra lọ́dọọdún, tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀, títí tìsàlẹ̀ á fi le gbagidi. Nígbà tó bá wúwo dé ìwọ̀n kan, kò lè dúró mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sísàlẹ̀ bí oyin tó dì. Odò yìnyín ni mo máa ń pè é, torí odò náà ni, àfi pé ojú lásán ò lè rí bó ṣe ń ṣàn. Nílẹ̀ Áfíríkà, orí òkè Kilimanjaro, òkè Kẹ́ńyà àti àwọn òkè Rwenzori nìkan ló kù sí, èyí tó kù náà sì ń tán lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó yára jù láyé wà ní Greenland, Jakobshavn Isbræ lorúkọ rẹ̀. Nígbà ooru ọdún 2012, ó rìn tó mítà 46 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fi pọ́lọ́ọ̀tì wọ̀n ọ́n, torí èdè tí gbogbo wa gbọ́ ní Alímọ̀ṣọ́ nìyẹn. Pọ́lọ́ọ̀tì tó pé, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Gígùn yẹn ò tó mítà 37. Bí odò yìnyín yìí bá fẹnu ba iwájú ilẹ̀ rẹ láàárọ̀ òní, kó tó di àárọ̀ ọ̀la á ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, á ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò, àwọn ọmọ onílẹ̀ á sì ti dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ò yá tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dúró.

Kí ló wá kan ọmọ Ìgandò níbẹ̀? Awọnlẹ̀ ni mí. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ apá kan nínú iṣẹ́ náà, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 láti máa kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú wọn ilẹ̀. RECTAS ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. AFRIGIST ló ń jẹ́ báyìí. Ohun èlò kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé, ó dà bí awò ojú tí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ fún. Àwòrán méjì ni wọ́n máa ń tò sábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì, àmọ́ bàlúù ti sún síwájú díẹ̀ kó tó ya ìkejì. Wàá tẹjú mọ́ ọn, ojú á máa ro ọ́, o ò ní rí ju bébà pẹlẹbẹ méjì lọ. Lẹ́yìn náà, lójijì, òkè á dìde. Igi á nàró. Òrùlé á yọ kúrò lára ilẹ̀ bíi pé o lè fọwọ́ kàn án. Igbe ni ọ̀kan nínú wa ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Olùkọ́ wa jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ kí wọ́n tó sọ èyí tó wá di oúnjẹ òòjọ́ mi. Wọ́n ní bí ẹ bá wo ilẹ̀ láti ibi méjì, gíga rẹ̀ lẹ máa rí. Bí ẹ bá wá wò ó láti ibi kan náà nígbà méjì, ìrìn rẹ̀ lẹ máa rí. Odò yìnyín ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, nínú kíláàsì tí fáànù ò ti ṣiṣẹ́, tí gbogbo wa ń làágùn.

Àwọn tó kọ́kọ́ wọn ìrìn yìnyín ò ní bàlúù. Ní 1827, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Franz Josef Hugi, kọ́ ahéré sórí odò yìnyín tí wọ́n ń pè ní Unteraar. Nígbà tí Louis Agassiz débẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840, ahéré náà ti fi ju kìlómítà kan lọ jìnnà sí ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹni tó bá sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò lè mọ̀ pé òun ń rìnrìn àjò. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ń kan òpó mọ́ orí yìnyín, wọ́n á dúró sórí àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi awò wo òpó, wọ́n á sì padà wá wò ó nígbà míì. Iṣẹ́ eléwu ni, torí yìnyín máa ń là, àlàfo rẹ̀ sì lè gbé odindi èèyàn mì.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí lílà yẹn. Kì í ṣe ìrìn ló ń la yìnyín. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń rìn bákan náà, ì bá máa lọ ní odindi ni. Ibi tí apá kan ti ń yára ju apá kejì lọ ló ti ń là: àárín odò ń sáré, etí rẹ̀ tó ń họra mọ́ àpáta ń falẹ̀, ni yìnyín bá ya láàárín wọn. Ìyàtọ̀ eré ló ń la nǹkan. A máa padà sórí èyí nígbà tá a bá dé Ìgandò.

Nígbà tí bàlúù dé, iṣẹ́ rọrùn. Wọ́n á ya àwòrán lónìí, wọ́n á tún padà wá yà á, wọ́n á wá òkúta kan tàbí ojú lílà kan tó hàn nínú àwòrán méjèèjì, wọ́n á wọn bó ṣe jìnnà síra. Ó kù síbì kan: bí òjò dídì tuntun bá bo ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ á funfun báláú, o ò ní rí òkúta, o ò ní rí ojú lílà. Bí kùrukùru bá sì wà, kámẹ́rà ò lè rí nǹkan kan. Àwa ará Èkó mọ èyí dáadáa. Sátẹ́láìtì tiwa, NigeriaSat-2, tí wọ́n jù sókè lọ́dún 2011, kámẹ́rà ló gbé. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ wá àwòrán Èkó tí kò ní ìkùukùu nínú oṣù Keje.

Rádà ni ọ̀nà àbáyọ. Rádà ò dúró de oòrùn, kò sì bá ìkùukùu jà. Ó ń gbà á kọjá ni. Ó dà bí ẹni tó pariwo sí ògiri tó wá ń dẹtí sí gbohùngbohùn. Ìgbì kan á jáde láti ara bàlúù tàbí sátẹ́láìtì, á kan ilẹ̀, á padà. Ìgbì máa ń lọ sókè sódò ni, irinṣẹ́ náà sì mọ ibi tí ìgbì dé gan-an nígbà tó padà: ṣé ó wà lókè ni, ṣé ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bó bá padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí ilẹ̀ sì ti sún, kódà kó má ju ìwọ̀n èékánná lọ, ibi tí ìgbì máa bá a á yàtọ̀. Ní 1993, Richard Goldstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science: wọ́n fi rádà sátẹ́láìtì ERS-1 wọn eré odò yìnyín Rutford ní Antarctica láti òkè, láì kan òpó kankan mọ́ ọn.

Èyí tí wọ́n gbé sínú bàlúù ló wù mí jù, torí ó sún mọ́ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Àwọn ará NASA ní rádà kan tí wọ́n ń pè ní UAVSAR, abẹ́ bàlúù kékeré Gulfstream III ni wọ́n so ó mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Iceland, wọ́n fi wọn eré àwọn odò yìnyín níbẹ̀. Sátẹ́láìtì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lókè, atẹ́gùn ò lè bì í. Bàlúù ńkọ́? Ìjì ń tì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá padà wá tí kò gba ọ̀nà tó gbà ní àkọ́kọ́, rádà á sọ pé nǹkan ti yí padà, òótọ́ sì ni, àmọ́ bàlúù ló yí padà, kì í ṣe yìnyín. Nítorí náà wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń darí bàlúù náà fúnra rẹ̀, tó ń mú un gba inú ihò kan tí kò sí, ihò tí ìbú rẹ̀ ò ju mítà 10 lọ, lókè níbi tó ju kìlómítà 12 lọ sí ilẹ̀. Mo máa ń rò ó bí ẹni tó ń fi okùn wọ ojú abẹ́rẹ́ nínú dánfó tó ń sáré. Gbogbo wàhálà yẹn, kí wọ́n ṣáà lè rí i dájú pé ìyàtọ̀ tí wọ́n rí, ti ilẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò.

Ó dáa. A ò ní yìnyín ní Alímọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ojú kan náà tó ń wo Antarctica ń wò wá. Láti ọdún 2014 ni àwọn ará Yúróòpù ti ju Sentinel-1 sókè, rádà ló gbé. Tí ọjọ́ méjìlá bá pé, á tún gba ojú ọ̀nà tó gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ń kọjá lórí Ẹ̀gbẹ́dá, lórí Ìkọ̀tún, lórí Ìgandò, tọ̀sán tòru, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá ní dátà, iná àti sùúrù lè wà á wálẹ̀. Iná yẹn gan-an ló ń ṣòro jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fi í wo Èkó. Ní 2022, Leonard Ohenhen àti Manoochehr Shirzaei tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Earth's Future lórí bí ilẹ̀ Èkó ṣe ń rì àti ewu tí ìyẹn ń mú bá àwọn ilé. Ìdí tí ilẹ̀ ìlú etí òkun fi ń rì ò ṣòroó mọ̀: erùpẹ̀ rírọ̀ tí kò tíì di ara rẹ̀ mú, ẹrẹ̀ tí wọ́n da yanrìn lé, ilé tó wúwo, àti omi abẹ́ ilẹ̀ tí à ń fà. Tèyí tó kẹ́yìn yìí kàn wá gidi ní Alímọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ pupa ni tiwa ní ọ̀pọ̀ ibi, ó le ju ti Lẹ́kí lọ, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń mu omi ẹ̀rọ ìjọba? Ojúlé yìí gbẹ́ bóhóòlù, ojúlé kejì gbẹ́ tirẹ̀, lándílọ́ọ̀dù kẹta gbẹ́ èyí tó jìn ju ti ìkejì lọ kí tirẹ̀ má bàa gbẹ. Omi tó wà láàárín hóró yanrìn wà lára ohun tó gbé ilẹ̀ ró. Bí a bá fà á jù, hóró yanrìn á sún mọ́ra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ lílà yẹn ti wọlé nìyí. Kì í ṣe rírì ló ń wó ilé. Bí gbogbo àdúgbò bá rì ní ìwọ̀n kan náà, àgbàrá ni yóò fìyà jẹ wọ́n, ilé ò ní mọ̀. Àmọ́ bí igun kan bá rì tí igun kejì dúró, ògiri á là láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí yìnyín ṣe ń là.

Rádà ní ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́. Ó fẹ́ràn páànù, ògiri, afárá, ohunkóhun tó bá le tó sì dúró sójú kan, kí gbohùngbohùn tòní lè jọ ti ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́dá tí òrùlé ti fara kan òrùlé, ìfẹ́ àkókàn rẹ̀ ni. Igbó ò bá a lára mu, torí ewé lánàá kì í ṣe ewé tòní. Èyí tí kò sì bá a lára mu rárá ni ààtàn tó ṣì ń gba ìdọ̀tí. Ọkọ̀ dé, ó da ti ẹ̀ lé e. Katapílà gbé e síwá sẹ́yìn. Bí rádà bá fi máa padà dé, ilẹ̀ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ sábẹ́ òmíràn. Kò rí ohun tó máa dì mú.

Bẹ́ẹ̀, bí nǹkan kan bá wà ní Alímọ̀ṣọ́ tó jọ odò yìnyín, ààtàn ni. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà LASU sí Ìyànà Ìpájà mọ Solous. Imú á ti sọ fún un pé a ti dé kí kọ̀ńdọ́ tó pe Ìgandò. Ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ ò jìnnà síbẹ̀, ilé èèyàn ò jìnnà síbẹ̀. Òkìtì ìdọ̀tí tó bá ti ga dé ìwọ̀n kan, bí yìnyín ló ṣe ń ṣe. Tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀. Tìsàlẹ̀ ń jẹrà, ó ń yọ afẹ́fẹ́ tó lè gbiná, ó ń sún kì. Òjò ń wọ inú rẹ̀, ó ń wúwo sí i, ó sì ń yọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa sún síta.

Nígbà míì kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2017, ààtàn Koshe ní Addis Ababa ya lulẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 110, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ilé tí wọ́n kọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, lẹ́yìn òjò ńlá, ti Kiteezi ní Kampala ya, ó pa èèyàn tó lé ní 30. Mi ò sọ pé ti Ìgandò máa ya o. Mi ò ní ìwọ̀n kankan lọ́wọ́ tí mo lè fi sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tó ń sùn nítòsí ibẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé òkìtì tó fẹ́ ya sábà máa ń kọ́kọ́ rìn, ìrìn yẹn sì ṣeé wọ̀n. Àwọn èèyàn ń wọ bàlúù lọ sí Iceland lọ wọn yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n ri òpó símẹ́ǹtì mélòó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààtàn, kí dúróònù gba orí rẹ̀ kọjá lóṣooṣù lójú ọ̀nà kan náà, kí wọ́n lẹ nọ́ńbà tó bá jáde mọ́ ibi tí gbogbo ayé máa rí i, kò ju agbára Èkó lọ. Àwọn awọnlẹ̀ tó lè ṣe é pọ̀ nílùú.

Àǹtí mi ń gbé ní Ìgandò láti ọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ilé wọn ò sí nítòsí ààtàn, ó gba òpópónà mélòó kan, àmọ́ bí atẹ́gùn bá fẹ́ sọ́dọ̀ wọn, fèrèsé á di títì. Ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́rin. Nígbà tí ọkọ wọn fẹ̀yìn tì, tí owó díẹ̀ wọlé, wọ́n pinnu pé àwọn á kọ́ òkè sí i, kí wọ́n lè fi yàrá òkè rẹ́ǹtì, kí iyẹn máa bọ́ wọn. Bíríkìlà ti ṣírò. Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ti wọlé. Ìgbà náà ni wọ́n ṣàkíyèsí pé fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé ti là ní igun kan, tí lílà náà ń tẹ̀lé ojú búlọ́ọ̀kù sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn.

"Ìwọ lo ń wọnlẹ̀ kiri," wọ́n ní. "Ṣé ilẹ̀ yìí ń rìn ni àbí kò rìn?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó."

"Wíwò báwo? Ojú mi ò fọ́. Èmi náà ti wò ó."

Ọmọ wọn ọkùnrin ní kí n gbé dúróònù wá, kó fò lọ sókè, kó sọ fún wa. Mo rẹ́rìn-ín. Dúróònù kì í ṣe bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. NCAA gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ò sì jìnnà sí wa. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbàṣẹ fún nìkan ni mo máa ń bá wọn fò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fẹ́ǹsì tó là ò nílò dúróònù. Ìṣó méjì ló nílò.

Nínú oṣù Kẹrin, kí òjò tó le, mo kan ìṣó kan sí apá ọ̀tún lílà náà, ọ̀kan sí apá òsì. Mìlímítà 212 ló wà láàárín wọn. Mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti igun fẹ́ǹsì, mo wá yá rọ́bà gbọọrọ tí bíríkìlà máa ń bu omi sí, èyí tí ojú omi rẹ̀ máa ń bára dọ́gba níhà méjèèjì, mo fi mọ bí àwọn àmì náà ṣe ga síra. Mo sì fi ọ̀dà funfun ya àgbélébùú kékeré kan sórí símẹ́ǹtì àgbàlá, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò lílà náà gbọ́dọ̀ dúró sí. Àǹtí mi ń wò mí, wọ́n ń mi orí.

Ó ku ohun kan tó máa ń fún awọnlẹ̀ ní wàhálà: a gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n láti ara ohun tí kì í rìn. Àwọn tó ń wọn yìnyín ní àpáta. Kí la ní ní Ìgandò? Mo lo òpó símẹ́ǹtì kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀ ní òdìkejì òpópónà, èyí tó ní nọ́ńbà lórí. Àmọ́ inú erùpẹ̀ kan náà lòun náà dúró sí. Bí gbogbo wa bá jọ ń rì, á dà bíi pé kò sẹ́ni tó rì. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń jókòó lóru ti kọ̀ǹpútà, tí mò ń wa àwòrán Sentinel-1 wálẹ̀, tí mò ń fi òrùlé àdúgbò kékeré yẹn wé àwọn òrùlé tó jìnnà. Nígbà tí mo fi máa parí, mi ò rí ìrìn kan níbẹ̀ tó ju ohun tí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè ṣì kà lọ. Inú mi dùn. Mo sọ fún Àǹtí pé sátẹ́láìtì ní ilẹ̀ wọn dúró.

Oṣù Kọkànlá dé, òjò ti lọ. Láàárín ìṣó méjèèjì, 215. Igun fẹ́ǹsì yẹn ti fi mìlímítà mẹ́fà relẹ̀ sí igun kejì. Ilé ò sún.

Sátẹ́láìtì ò purọ́ o. Àmì kan nínú àwòrán Sentinel-1 fẹ̀ tó mítà márùn-ún ní ìhà kan, tó ogún ní ìhà kejì. Igun fẹ́ǹsì kan ò jẹ́ nǹkan kan nínú ìyẹn. Ẹni tó wá sọ òótọ́ fún wa ni ìyá àgbà kan tó ti ń gbé òpópónà náà kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i. Wọ́n wá kí Àǹtí, wọ́n rí mi níbi tí mo ti tẹ̀ síbi ìṣó, wọ́n bi mí ohun tí mò ń wá. Mo ṣàlàyé.

"Kànga Bàbá ńkọ́?" ni wọ́n ní. "Àbí ibẹ̀ kọ́ ni kànga wà?"

Ibẹ̀ ni. Kí bóhóòlù tó dé, kànga ni bàbá ọkọ Àǹtí gbẹ́ fún ilé náà, ní igun yẹn gan-an. Ọdún tí wọ́n gbẹ́ bóhóòlù ni wọ́n dí i pa. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi dí i. Ìyá ní ohun gbogbo: àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, iyanrìn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tó ti já, pàǹtí ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ fẹ́ǹsì gba orí rẹ̀ kọjá. Solous kékeré kan ló wà lábẹ́ ògiri láti ọjọ́ yìí, tó ń jẹrà, tó ń sún kì, tí òjò ọdọọdún ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn òpó tó máa gbé òkè ilé náà ró ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sí ẹnu kànga yẹn. Mo sọ fún Àǹtí àti ọkọ wọn pé kí wọ́n pe ẹnjiníà tó ń yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí òjò kan sí i kọjá ká lè mọ̀ bóyá rírì náà ti ń parí tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ wọn dákẹ́. Àǹtí ò dákẹ́.

"Odindi ọdún kan? Ṣó o mọ iye tí símẹ́ǹtì ń lọ? Ṣó o mọ iye tó máa jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀? Yìnyín tìẹ ń yọ́, owó tiwa náà ń yọ́. Ta ló ń bá wa wọn ìyẹn?"

Mi ò ní èsì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn tó ń wọn odò yìnyín lè dúró fún ọdún mẹ́wàá, owó oṣù wọn ń wọlé. Ẹni tó ní owó ìfẹ̀yìntì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé ò lè máa wo ìṣó méjì lójú. Mo mọ ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkọ̀tún, ní Ìjẹ̀gùn, tó jẹ́ irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi kọ́ wọn: ká kọ́ ọ báyìí nígbà tówó ṣì lè rà á, tó bá là, a ó fi símẹ́ǹtì dí i. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó ń bá ohun méjì tó ń yọ́ rìn sáré ni.

Níkẹyìn, ọkọ wọn ló bá wa dá a. Wọ́n fi apá kan owó náà ra irin àti òkúta sílẹ̀, torí àwọn yẹn kì í bàjẹ́ bí símẹ́ǹtì. Wọ́n pe ẹnjiníà, ẹnjiníà ní kí wọ́n wú kànga náà, kí wọ́n da kọnkéré sí i láti ìsàlẹ̀, ó sì dárúkọ iye tó jẹ́ kí gbogbo wa dijú. Iṣẹ́ yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Òkìtì irin wà níwájú ilé títí di òní, wọ́n fi tapolín bò ó, àwọn ọmọdé ti fi ṣe ibi ìjókòó.

Àmọ́ Àǹtí mi ti gba iṣẹ́ wíwọ̀n lọ́wọ́ mi. Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp, wọ́n á sọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú fóìsì nóòtì, wọ́n á fi bú mi díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Kẹfà, 215. Oṣù Keje, 215. Ní ti oṣù Kẹsàn-án, mo ṣí fọ́tò, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti yà á, láti ojú fèrèsé ìdáná. Mo pè wọ́n.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, orí àmì funfun yẹn lẹ máa dúró sí."

"Òjò ń rọ̀ níbí o."

"Ẹ má bínú, mà. Bẹ́ ò bá dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí lóṣù tó kọjá, a ò ní mọ̀ bóyá ògiri ló sún ni àbí ẹ̀yin."

"Ṣé bàlúù ni mí ni?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń bèèrè agboòjò lọ́wọ́ ọmọ. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, fọ́tò kejì wọlé: ìṣó méjèèjì tó ti ń dógùn-ún, rúlà tútù, àtàǹpàkò wọn tí wọ́n fi dì í mú. 216.